Ewé ń rọ, ilẹ̀ ṣì tutù

Ní Adó-Èkìtì, ìgbà méjì ni òdòdó inú ìkòkò tí wọ́n tò sí bákónì òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sábà máa ń ṣàìsàn: ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, àti ìgbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́. Àmì kan náà ló sì máa ń yọ nígbà méjèèjì. Ewé á rọ, àwọn kan á pọ́n, ìrudi á já bọ́ kó tó là. Ẹni tó ni ín á sì tún bu omi sí i. Bó bá jẹ́ ọyẹ́ ló ṣe é, omi yẹn á gbà á là. Bó bá jẹ́ òjò, omi yẹn ló máa parí iṣẹ́.

Gbòǹgbò ń mí. Àwọn àlàfo kéékèèké tó wà nínú ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí omi bá dí wọn pa tí kò ríbi jáde, gbòǹgbò á jẹrà, gbòǹgbò tó bá sì ti jẹrà kò lè fa omi mọ́. Ìdí nìyí tí òùngbẹ fi ń gbẹ ewé lókè nígbà tí ìsàlẹ̀ ń rin gbingbin. Garawa ọ̀dà tí wọn ò lu ihò sí nídìí ló burú jù níbi ọ̀rọ̀ yìí. Ìkòkò amọ̀, irú èyí tí wọ́n ń mọ ní Ìṣàn-Èkìtì, sàn jù ú, torí pé omi ń gba ara amọ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ìkòkò tí wọ́n mọ fún omi mímu kì í ní ihò. Àfi kí wọ́n rọra lu ún.

Nítorí náà, ìka ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ ilẹ̀, kí omi tó wọ̀ ọ́. Kí wọ́n tì í bọ̀ ọ́ dé oríkèé kejì.

Bí ibẹ̀ bá gbẹ, omi ló ń fẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bíbu omi lé e lórí lè má tó o. Ilẹ̀ tí ọyẹ́ ti gbẹ máa ń sún kúrò lára ìkòkò, omi á kàn gba ẹ̀gbẹ́ kọjá sí ihò ìdí, àárín á ṣì gbẹ. Kí wọ́n gbé ìkòkò náà sínú báfù omi títí tí omi ò fi ní hó kùṣọ̀kùṣọ̀ mọ́.

Bí ibẹ̀ bá tutù, kí wọ́n tú u jáde. Gbòǹgbò tó le, tó sì funfun, ni kí wọ́n fi sílẹ̀. Èyí tó dúdú, tó ń yọ̀, tó ń rùn, ọ̀bẹ mímú ló kàn án. Gbòǹgbò tó kù ò lè bọ́ gbogbo ẹ̀ka, torí náà kí wọ́n gé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lókè náà. Ilẹ̀ dúdú tí wọ́n pò mọ́ yanrìn àti ìgbẹ́ adìyẹ díẹ̀ tó ti pẹ́ ni kí wọ́n fi tún un gbìn. Ìgbẹ́ tútù á jó gbòǹgbò. Kó wà lábẹ́ ìbòòji fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, láìsí ajílẹ̀ mìíràn kankan títí yóò fi yọ ewé tuntun.

Gígé ẹ̀ka máa ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn, bẹ́ẹ̀ òun ló ń mú òdòdó wá. Ṣóńṣó ẹ̀ka ló ń dá àwọn ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dúró. Bí wọ́n bá gé e, àwọn yẹn á hù. Ara ẹ̀ka tuntun ni òdòdó tí wọ́n ń pè ní hibiscus sì ti ń tanná. Ti òdòdó bougainvillea yàtọ̀ díẹ̀: oòrùn wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ ló ń wá, ó sì máa ń tanná dáadáa bí omi rẹ̀ ò bá pọ̀ jù. (Ohun aláwọ̀ àlùkò táyé ń wò yẹn, ewé ni, òdòdó gan-an ni ti funfun tín-ń-tín tó wà láàárín.)

Bí ewé ò bá kù lórí igi rárá, kí wọ́n fi èékánná ha èèpo rẹ̀. Àwọ̀ ewé tútù lábẹ́ rẹ̀ túmọ̀ sí pé ó ṣì wà láàyè. Bó bá gbẹ títí dé ìdí, kí wọ́n da ilẹ̀ náà nù, kí wọ́n fọ ìkòkò dáadáa kí wọ́n tó gbin òmíràn sí i, torí ohun tó mú gbòǹgbò jẹrà lè ṣì wà níbẹ̀.