Ìdúró tí bébà kì í rí

"Ẹ bá mi ya ojú aago, kí ọwọ́ rẹ̀ wà ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Ìdánwò tá a fi ń yẹ iyè wò nìyẹn. Ó dà bí eré ọmọdé, àmọ́ ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń ra lè gbé ọwọ́ gígùn lé 10 dípò 2, torí "mẹ́wàá" tó gbọ́ ló fà á lọ síbẹ̀.

Lórí bébà, aago tó yà tán nìkan ni mo ń rí. Bó bá jẹ́ ojú kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ ló ti yà á, ẹ̀rọ á ka iye ìgbà tó gbé bírò sókè, ibi tó ti dúró àti bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Ẹni méjì lè ya aago tó gún régé: ọ̀kan yà á wẹ́rẹ́, èkejì dúró lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó rí ibi tí ọwọ́ máa wà. Ìdúró yẹn là ń wá.

Ìdí tá a fi ń tètè wá a nìyí: èròjà tí wọ́n ń pè ní amyloid ti máa ń gbá jọ sínú ọpọlọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìgbàgbé tí Alzheimer, àìsàn tó ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, ń fà tó hàn sóde. Oògùn lecanemab, tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí pátápátá lọ́dún 2023, wà fún ẹni tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀. Kì í wò ó sàn o, ó kàn ń dín eré rẹ̀ kù ni.

Àmọ́ ẹ má tìtorí èsì irú ìdánwò yìí tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà gbé jáde bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àìróorunsùn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àìtó fítámì B12, oògùn tó ń múni tòògbé, gbogbo wọn ló lè fa máàkì wálẹ̀. Ìyá kan kùnà lọ́dọ̀ mi rí, àṣé gíláàsì ojú wọn ni wọ́n gbàgbé sílé. (Ìgbàgbé náà ni, àmọ́ ti gbogbo wa nìyẹn.)

Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ ka ìdánwò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sí. Ẹ fi ti èṣí wé ti ọdún yìí. Ẹni tó bá tún ìdánwò kan náà ṣe sábà máa ń mọ̀ ọ́n sí i. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sí i rárá ló ń kọ mí lóminú, bí máàkì rẹ̀ tiẹ̀ dára.

Bí èsì bá mú yín fura, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ mú ẹni tí ẹ jọ ń gbé dání, àti gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan èyí tí ẹ fúnra yín rà.