Bí ìdí tí wọ́n fi ń jà fún ìṣẹ́yún ṣe ń yí padà ní Amẹ́ríkà

Irọ́ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn: pé ohùn kan ṣoṣo ni àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin ní lórí oyún ṣíṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń bẹnu àtẹ́ lù ú. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni kí ìyàwó lè kọ̀ fún ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn. Ó di apá ìparí àwọn ọdún 1960 kí wọ́n tó máa pariwo ní gbangba pé kí wọ́n fagi lé òfin tó ka ìṣẹ́yún léèwọ̀.

Ọdún 1973 ni ọ̀rọ̀ dùn sí. Nínú ẹjọ́ Roe v. Wade, adájọ́ méje sí méjì ní kóòtù tó ga jù lọ dá obìnrin tó fẹ́ ṣẹ́yún láre. Ṣùgbọ́n orí àṣírí ara ẹni ni wọ́n gbé ìdájọ́ náà kà: pé ìjọba ò gbọdọ̀ yọjú. Adájọ́ Harry Blackmun tó kọ ọ́ ti ṣe agbẹjọ́rò fún ilé ìwòsàn Mayo Clinic rí, ibi ìkàwé wọn ló sì ti lọ ṣèwádìí. Abájọ tí ìpinnu lórí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ oyún fi bọ́ sọ́wọ́ dókítà.

Ó gbọ́n lójú òfin. Àmọ́ bí ìjọba ò bá gbọdọ̀ yọjú, ta ló fẹ́ kó yọwó? Lọ́dún 1976, aṣòfin Henry Hyde ló ṣáájú àwọn tó ní kí Medicaid, ètò ìtọ́jú àwọn mẹ̀kúnnù, má sanwó ìṣẹ́yún mọ́. Ní 1980, kóòtù fara mọ́ ọn: kì í ṣe ìjọba ló sọ obìnrin di tálákà, kò sì pọn dandan kó mú òṣì kúrò lọ́nà rẹ̀.

"Ẹ̀tọ́ láti yàn" tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ń pariwo wá dà bíi ṣíṣí ọjà fẹ́ni tí ò ní kọ́bọ̀. Ó lè fọwọ́ pa ànkárá, ó lè ná an títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sẹ́ni tó máa lé e. Ẹlẹ́rù tiẹ̀ lè bu omi fún un mu. Tí wọ́n bá ń palẹ̀ ìsọ̀ mọ́, ọwọ́ òfìfo ló máa gbé relé.

Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú mọ̀ pé owó ìjọba kì í wọ́n nígbà tó bá fẹ́ ná an. Lọ́dún 1973 kan náà, ní Montgomery, Alabama, owó yẹn ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú méjì, ọmọ ọdún 14 àti 12, kí wọ́n má lè bímọ láé. Ìyá wọn ò mọ̀wé; àmì X ló fi sí ìwé tí wọ́n gbé fún un, ó rò pé abẹ́rẹ́ lásán ni. Ìdí nìyí tí àwọn obìnrin méjìlá tó pàdé ní Chicago ní 1994 fi pa ẹ̀tọ́ mẹ́ta pọ̀: láti má bímọ, láti bímọ, àti láti tọ́ ọmọ níbi tí kò séwu. Lójú tèmi, èyí lágbára ju àṣírí lọ.

Ruth Bader Ginsburg, tó padà di adájọ́ ní kóòtù tó ga jù lọ, náà ti sọ ọ́ ní 1985 pé ìdọ́gba obìnrin àti ọkùnrin ni ì bá dára kí ìdájọ́ Roe dúró lé. Nígbà tí kóòtù wó o lulẹ̀ ní 2022, àwọn olùdìbò Michigan kọ tiwọn sínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ wọn: ìtọ́jú aboyún, ìbímọ, ìfètò sọ́mọ bíbí, ìṣẹ́yún, títí dórí ìtọ́jú àgàn. Ẹni tó máa sanwó nìkan ni wọn ò kọ síbẹ̀.