Owó orí fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ ní Àkúrẹ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà àti ọpọlọ wọn jẹun ti pọ̀ ní Àkúrẹ́. Ẹ dé iwájú géètì yunifásítì FUTA, ẹ dé Ìjàpọ̀, ẹ dé Ọ̀bá-Ilé: ẹ máa bá ẹni tó ń ya lógò fún àwọn oníṣòwò, ẹni tó ń kọ sọ́fítíwìà, ẹni tó ń tọ́jú ojú ewé Facebook fún ilé oúnjẹ, ẹni tó ń gba àwọn ilé-ìwé nímọ̀ràn. Wọn ò ní ọ̀gá, kò sì sí ẹni tó ń yọ owó orí wọn bá wọn. Láti ìgbà tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2026, ìbéèrè wọn ò tán lọ́wọ́ àwa tí à ń bá èèyàn ṣírò ìwé owó. Èyí tí wọ́n ń bi mí jù ni mo kó jọ síbí.

Mi ò ṣiṣẹ́ ìjọba, mi ò ní ọ̀gá. Ṣé owó orí kàn mí?

Ó kàn yín. Ẹni tó ń gba owó oṣù, ọ̀gá rẹ̀ ló ń yọ owó orí kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ sọ iye tí ẹ pa, kí ẹ sì san èyí tó tọ́. Ìpínlẹ̀ tí èèyàn ń gbé ló ń gba owó orí rẹ̀. Tí ẹ bá ń gbé Àkúrẹ́ tàbí ìlú Oǹdó, iléeṣẹ́ owó orí Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìyẹn ODIRS, lẹ máa san án fún, ì báà jẹ́ Èkó ni oníbàárà yín wà, ì báà jẹ́ Kánádà.

Òfin tuntun ti sọ NIN yín, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, di nọ́ńbà owó orí yín, nítorí náà kò sí pé ẹ ń wá nọ́ńbà mìíràn kiri. March 31 ọdọọdún ni ọjọ́ tó gbẹ̀yìn láti fi ìṣirò owó ọdún tó kọjá sílẹ̀. Owó tí ẹ pa ní 2025 ṣì wà lábẹ́ òfin àtijọ́. Owó 2026 ni ìṣirò tuntun máa kọ́kọ́ bá.

Wọ́n ní gbogbo owó tó bá wọ àkáǹtì mi ni wọ́n máa gé. Ṣé òótọ́ ni?

Irọ́ ni. Orí WhatsApp ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbilẹ̀. Èrè ni owó orí wà fún. Owó tó wọlé lásán kì í ṣe èrè. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá fi ₦200,000 ránṣẹ́ láti Ìbàdàn kí ẹ fi kún owó ilé, èrè kọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá kó àjọ, owó yín náà ló padà sọ́dọ̀ yín. Owó tí ẹ yá lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í ṣe èrè, gbèsè ni.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Bí oníbàárà bá ń san owó iṣẹ́, tí ẹ wá ní kó kọ “gift” sórí tíránsífà náà, owó iṣẹ́ náà ló ṣì jẹ́. Àwọn kan ń ṣe é, wọ́n rò pé ọgbọ́n ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá bi wọ́n, kí ni wọ́n máa sọ nípa ẹ̀bùn tí iléeṣẹ́ tó ń ta símẹ́ǹtì ń fún wọn ní gbogbo ìparí oṣù?

₦50 tí ẹ ń rí tí báńkì ń yọ lórí tíránsífà ₦10,000 sókè, owó òǹtẹ̀ ni, òun àti owó orí yìí ò bára tan. Láti January 2026, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ló ń san án. Òótọ́ ni pé ìjọba lè ní kí báńkì yọ gbèsè owó orí lára owó ẹni, àmọ́ ó di ìgbà tí wọ́n bá ti ṣírò gbèsè náà fún un, tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ mọ́, tó sì kọ̀ láti san.

Ohun tó ń dáàbò bo èèyàn nínú gbogbo èyí kò ju àkọsílẹ̀ lọ. Ẹ ya àkáǹtì iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé. Ẹ ra ìwé kan, ẹ fa ìlà sí i: ọjọ́, ẹni tó san, iṣẹ́ tó san án fún, iye. Lójú ewé kejì, ohun tí ẹ ná kí iṣẹ́ náà lè ṣeé ṣe, pẹ̀lú risíìtì rẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé kankan, àwọn òṣìṣẹ́ owó orí lẹ́tọ̀ọ́ láti fojú díwọ̀n èrè rẹ̀ fún un, ojú wọn kì í sì í kéré.

Ẹ bá mi fi iye gidi ṣírò ẹ̀.

Ó dáa. Ká ní ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà kan ń gbé ní agbègbè Ọ̀bá-Ilé, iṣẹ́ tó ṣe láàárín ọdún mú ₦4,800,000 wọlé. Ó ra dátà ₦300,000. Epo tó rọ sínú jẹnẹrétọ̀ iṣẹ́ jẹ́ ₦360,000. Ẹni tó bá mọ bí iná ṣe ń ṣe ségesège ò ní bá a jiyàn. Ó san ₦140,000 fún sọ́fítíwìà, ₦100,000 sì bá ọkọ̀ àti ìtẹ̀wé lọ. Àpapọ̀ ìnáwó iṣẹ́ jẹ́ ₦900,000. Èrè tó kù jẹ́ ₦3,900,000.

Ilé tó ń gbé, ₦400,000 ló ń san lọ́dún. Òfin tuntun gbà pé kí a yọ ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé kúrò, àmọ́ ohun tí a máa yọ kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Tirẹ̀ jẹ́ ₦80,000. Ó wá ku ₦3,820,000 tí owó orí máa bà lé.

₦800,000 àkọ́kọ́, kò san nǹkan kan lórí rẹ̀. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ìyẹn ₦330,000. Èyí tó kù jẹ́ ₦820,000, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ó jẹ́ ₦147,600. Owó orí ọdún náà jẹ́ ₦477,600.

Ìdá 18 yìí máa bá èèyàn lọ fún ₦9,000,000 gbáko kó tó di 21, lẹ́yìn náà 23, títí dé 25 fún ohun tó bá ju ₦50,000,000 lọ. Tí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ẹ má ka èmi mọ́, ẹ gba akáúńtáǹtì.

Ẹ kíyè sí i pé bí ayàwòrán yìí kò bá tọ́jú risíìtì kankan, ₦900,000 yẹn náà máa wọ inú ìṣirò, ó sì máa san ₦162,000 lé e. Owó ìwé risíìtì tó sọ nù nìyẹn.

Lápútọ́ọ̀pù ńkọ́? Wọn kì í yọ gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun èlò tó máa lo ọdún púpọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Aṣọ àríyá tí ẹ wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó oníbàárà kò sí nínú ìnáwó iṣẹ́, ẹ má tiẹ̀ dán an wò.

Iléeṣẹ́ kan ní Èkó yẹ kó san ₦1,000,000 fún mi, ₦950,000 ni mo rí. Wọ́n ní owó orí ni. Ṣé wọn ò jà mí lólè?

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má jà yín lólè. Òfin ní kí iléeṣẹ́ tó bá gbé iṣẹ́ ìmọ̀ràn tàbí iṣẹ́ àkọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fún èèyàn yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, kó sì san án fún ìjọba lórúkọ ẹni náà. WHT ni àwọn oníṣirò ń pè é. Ìlànà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ láti January 2025 ló gbé iye yìí kalẹ̀, ó sì fi kún un pé ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà owó orí, ìlọ́po méjì ni wọ́n máa yọ.

₦50,000 yẹn kò sọ nù, owó orí tí ẹ ti san sílẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ayàwòrán wa ló ṣẹlẹ̀ sí, ₦427,600 ló kù fún un láti san. Ìṣòro tó wà ńbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ kì í béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ìṣòro kejì tún burú jù: iléeṣẹ́ náà lè san án sí Èkó nígbà tó jẹ́ Oǹdó ló ni yín, ẹ ó wá máa lọ ẹ ó máa bọ̀ kí wọ́n tó rí i fi kún tiyín. Láti ọjọ́ tí ẹ bá fi ìnfóìsì ránṣẹ́ ni kí ẹ ti kọ ọ́ sí i: “Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni mò ń gbé, ẹ jọ̀wọ́, ODIRS ni kí ẹ san WHT mi fún, kí ẹ sì fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.”

Dọ́là ni wọ́n fi ń san mí láti òkè òkun. Kò kan Nàìjíríà, àbí?

Ó kàn án. Ẹni tó fi Nàìjíríà ṣe ibùgbé, gbogbo ohun tó ń pa káàkiri ayé ni òfin ń wò, yálà owó náà wọ báńkì níbí ni o, yálà ó ṣì wà nínú àkáǹtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa kọ iye náírà tí dọ́là kọ̀ọ̀kan jẹ́ lọ́jọ́ tó wọlé, kí ẹ lo iye tí CBN, báńkì àgbà Nàìjíríà, gbé jáde. Owó tí àwọn iléeṣẹ́ agbanisíṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ń yọ kí wọ́n tó san yín, ìnáwó iṣẹ́ ni, ẹ kọ òun náà sílẹ̀.

Ṣé dandan ni kí n forúkọ sílẹ̀ ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ okòwò sílẹ̀?

Bó bá jẹ́ orúkọ ìdílé àti orúkọ àbísọ yín gan-an lẹ fi ń ṣiṣẹ́, láìfi ohunkóhun kún un, òfin CAMA ti 2020, ìyẹn òfin kọ́ńpìnì àti okòwò, kò fi dandan lé e. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ di “Àrámọ̀ndà Designs”, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 28 tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Ìwé ọdọọdún rẹ̀ tí ẹ máa fi sílẹ̀ ní CAC kò gbọdọ̀ kọjá June 30, àfi ọdún tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé èyí títí tí ìtanràn fi ń gorí ara.

Orúkọ okòwò àti ẹni tó ni ín, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú òfin. Gbèsè okòwò lè bá yín délé. Kọ́ńpìnì tó dá dúró ní ti tirẹ̀ jẹ́ ẹni ọ̀tọ̀, òfin sì ti gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá a sílẹ̀. Wọ́n sábà máa ń sọ fáwọn ọ̀dọ́ pé kọ́ńpìnì kékeré tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju ₦100,000,000 lọ kì í san owó orí kọ́ńpìnì. Òótọ́ ni, àmọ́ gbólóhùn kan wà tí wọn kì í kà: òfin tuntun kò ka okòwò tó ń ṣe iṣẹ́ àkọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mọ́ kọ́ńpìnì kékeré. Olùdámọ̀ràn tó torí èyí sáré lọ dá kọ́ńpìnì sílẹ̀ lè bá ara rẹ̀ níbi tí kò fọkàn sí. Ní tèmi, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó fi orúkọ okòwò ṣe é ná.

VAT ńkọ́?

Owó orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà àti iṣẹ́ ni VAT, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹni tí kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ fún un kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sínú ìnfóìsì. Ohunkóhun tí ẹ bá gbà lórúkọ VAT, owó ìjọba ló wà lọ́wọ́ yín yẹn.

Oníbàárà gba iṣẹ́ tán, kò sanwó mọ́. A ò kọ ìwé kankan.

Àdéhùn ẹnu ń dúró lábẹ́ òfin wa. Ẹ̀rí rẹ̀ ló máa ń ṣòro. Ẹ má ṣe pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp rẹ́. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gba ohun tó jáde látinú fóònù àti kọ̀ǹpútà, bí agbẹjọ́rò bá tẹ̀ lé ìlànà rẹ̀.

Fún èyí tó ń bọ̀, ojú ìwé kan ti tó. Ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe, ọjọ́ tó máa parí, iye owó, àti èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ gbà kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ má gbàgbé ìlà yìí: “Àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì ló wà nínú owó yìí, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní owó tirẹ̀.” Àìsí ìlà yẹn ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ ju owó fúnra rẹ̀ lọ.

Ẹ tún kọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022, ẹni tó ya lógò ló ni ín, bí wọ́n tiẹ̀ sanwó fún un, àfi bí ìwé bá sọ ohun mìíràn. Ẹ lè kọ ọ́ pé ọjọ́ tí owó bá pé ni ẹ̀tọ́ máa kọjá sọ́wọ́ oníbàárà. Ìyẹn máa ń mú kí owó yá.

Mi ò san rí láti ọdún tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá lọ sí ODIRS, ṣé wọn ò ní mú mi?

Ẹ lọ kí wọ́n tó wá yín. Lábẹ́ òfin tuntun, ìtanràn ẹni tí kò fi ìṣirò sílẹ̀ jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Ẹ mú NIN, ìwé báńkì àti ìwé àkọsílẹ̀ yín dání. Bí iye tí wọ́n bá dá fún yín bá pọ̀ jù, ọjọ́ 30 lẹ ní láti kọ̀wé tako ó. Bó bá ti kọjá, ó di tiyín nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gba kọ́ńtíráàtì ìjọba ní Alágbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta ni wọ́n máa béèrè, òun ló sì ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ síbẹ̀ níkẹyìn.

Àwọn kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi l'Árákàlẹ̀, wọ́n ní kí n sanwó lọ́wọ́. Ṣé owó orí yẹn náà ni?

Ó lè jẹ́ owó ṣọ́ọ̀bù tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà. Ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Ẹ gba ìwé wọn, ẹ wo orúkọ iléeṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀, ẹ lọ ṣèwádìí lọ́fíìsì, kí ẹ sì san án sínú àkáǹtì ìjọba. Ẹ má kó owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà.