Báwo ni olú ṣe ń di bíríkì, tó tún ń di awọ báàgì?

Nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé àwọn kan ń fi olú ṣe bíríkì, ó ní, "Olú tí mo ń fi se ọbẹ̀ yìí?" Láti ọjọ́ náà ni òun àti àwọn ará ilé ti ń da ìbéèrè bò mí. Díẹ̀ nínú wọn nìyí.

Ṣé olú tí à ń jẹ náà ni?

Ohun tí à ń ká lára igi, èso rẹ̀ lásán ni. Inú igi ni olú fúnra rẹ̀ ń gbé. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń fi èékánná bó èèpo ìtì igi tó ti jẹrà lóko kòkó ìyá bàbá mi. Nǹkan funfun kan wà lábẹ́ rẹ̀, ó tín-ín-rín ju òwú lọ, ó sì ta kọjá síbí sọ́hùn-ún. Igi yẹn ti rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi, síbẹ̀ tí mo bá bu ú, kì í fọ́ sí mi lọ́wọ́. Òwú funfun yẹn ló dì í mú. Ohun tó ń jẹ igi náà ló tún ń so ó pọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń ṣe bíríkì ọ̀hún?

Ní 2007, Eben Bayer àti Gavin McIntyre, tí wọ́n kàwé ní Rensselaer Polytechnic Institute nílùú Troy, ní ìpínlẹ̀ New York, dá ilé-iṣẹ́ Ecovative sílẹ̀. Wọ́n á gé pòròpórò àgbàdo wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀, wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á po irúgbìn olú mọ́ ọn, wọ́n á wá kó o sínú mọ́ọ̀dù. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, òwú yẹn á ti wọ inú gbogbo rẹ̀, á sì di odindi. Kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí sìmẹ́ǹtì.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e síbi tó gbóná kí olú náà lè kú. Tí wọn ò bá pa á, á máa jẹun lọ títí bíríkì fúnra rẹ̀ á fi jẹrà. Ó dà bíi dòdò díndín: ìgbà tí ẹ bá gbé e kúrò lórí iná ni ọgbọ́n wà.

Ṣé ẹnikẹ́ni ti fi kọ́ nǹkan kan?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2014, ayàwòrán ilé kan, David Benjamin, àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, The Living, kọ́ ilé ìṣọ́ kan tí wọ́n pè ní Hy-Fi sí àgbàlá MoMA PS1, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà kan ní Queens, New York. Nǹkan bíi 10,000 bíríkì olú ló lọ sí i, ó sì ga tó mítà 12. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọn parí, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n sì sọ àwọn bíríkì náà di ilẹ̀dú. Ẹ ro ti àwókù kọnkéré tiwa, tí kò síbi tí a ó kó o sí.

Ṣé ó lè gbé ilé alájà dúró?

Kò lè gbé e, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Agbára kọnkéré ju tirẹ̀ lọ ní ìlọ́po 100 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tó ti wúlò ni inú ògiri àti àjà, níbi tó ti ń dí ooru àti ariwo lọ́nà, àti inú páálí, níbi tó ti ń rọ́pò fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣàn. Fóòmù yẹn kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Ní ti sìmẹ́ǹtì, nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 gáàsì kábọ́ọ̀nù táwa èèyàn ń tú sáfẹ́fẹ́ ló ń ti ibẹ̀ wá, nítorí náà ohunkóhun tó bá dín in kù díẹ̀, mo fara mọ́ ọn.

Awọ ńkọ́?

Tí wọ́n bá tẹ́ oúnjẹ olú sínú àwo pẹrẹsẹ, tí wọn ò jẹ́ kó so, òwú rẹ̀ á hun ara wọn bí ẹní. Ìyẹn ni wọ́n ń ká, tí wọ́n sì ń ṣe bí awọ. Philip Ross àti Sophia Wang dá ilé-iṣẹ́ MycoWorks sílẹ̀ ní California ní 2013, nígbà tó sì di 2021, Hermès, ilé-iṣẹ́ báàgì olówó ńlá ti ilẹ̀ Faransé, gbé báàgì kan jáde tí wọ́n fi awọ olú MycoWorks ṣe. Nǹkan yìí kì í ṣe tuntun pátápátá: àwọn ará Transylvania ní Romania ti ń fi olú ara igi ṣe fìlà láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló le. Ní 2023, ilé-iṣẹ́ Bolt Threads, tó ń ṣe awọ olú tí wọ́n pè ní Mylo, dá a dúró torí pé owó ò wọlé. Ohun míì tó dùn mí ni pé àwọn kan ń fi ike kun ojú awọ olú kó lè pẹ́. Èyí tí wọ́n bá fi ike kùn ò ní jẹrà bí olú mọ́. Ẹ béèrè kí ẹ tó rà.

Ṣé a lè ṣe é lọ́dọ̀ tiwa?

Ohun èlò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń dáná sun lẹ́búlẹ́bú pákó ní Òkòbàbà, l'Ékòó, tí èéfín rẹ̀ ń bo ojú ọ̀sà. Àwọn àgbẹ̀ olú wa sì ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà: lẹ́búlẹ́bú pákó yìí kan náà ni wọ́n ń rọ sínú ọ̀rá, tí wọ́n ń sè, tí wọ́n sì ń gbin olú sí. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn ìkórè, ẹ ní kó fún yín ní ọ̀rá kan tó fẹ́ dà nù. Ẹ ya ọ̀rá náà kúrò lára rẹ̀, kí ẹ gbìyànjú láti fọwọ́ ṣẹ́ ohun funfun tó wà nínú rẹ̀ sí méjì.