Bí wọ́n ṣe ń yọ oògùn kúrò nínú omi ìdọ̀tí

Ẹni tí orúnkún ń dùn á fi jẹ́ẹ̀lì diclofenac pa á lálẹ́. Díẹ̀ péré ni awọ máa ń gbà wọlé. Tó bá wẹ̀ láàárọ̀, ìyókù á bá omi ìwẹ̀ lọ. Oògùn tí a gbé mì pàápàá kì í tán sára. Àṣẹ́kù rẹ̀ á bá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ jáde. Ní Dübendorf, lẹ́bàá Zürich ní Swítsàlandì, páìpù ló ń kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Neugut, ibùdó tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí kí wọ́n tó dà á sódò.

Nítorí ìgbẹ́, ọ̀rá àti àjẹkù ni wọ́n ṣe ń kọ́ irú ibùdó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe nítorí oògùn. Wọ́n á sẹ́ pàǹtírí, wọ́n á jẹ́ kí èyí tó wúwo sílẹ̀, wọ́n á wá máa fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà kí bakitéríà lè jẹ ohun tó kù. Bakitéríà wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀lẹ: wọ́n máa ń jẹ paracetamol àti ibuprofen fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n carbamazepine, oògùn wárápá, bó ṣe wọlé náà ló ṣe ń jáde. Èyí tó pọ̀ nínú diclofenac náà ń kọjá.

Ohun tó ń kọjá yìí lè má ju gíráàmù kan lọ nínú mílíọ̀nù lítà omi. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré rẹ̀. Ní Kánádà, àwọn onímọ̀ da èròjà oògùn ìfètòsọ́mọbíbí sínú adágún kan láti 2001 sí 2003, bíi gíráàmù 5 tàbí 6 nínú bílíọ̀nù lítà. Èròjà tí abo ẹja fi ń ṣẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára akọ, irú ẹja kékeré kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán nínú adágún náà.

Ní 2014, Neugut fi ósóònù kún iṣẹ́ rẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ ṣe é tọ́jọ́ ní Swítsàlandì. Wọ́n á rán iná mànàmáná tó lágbára gba inú ọ́síjìn kọjá. Átọ́ọ̀mù ọ́síjìn tó so pọ̀ ní méjì méjì á di mẹ́ta mẹ́ta, ìyẹn ni ósóònù. Ìkẹta yẹn kì í fara balẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ ósóònù yìí láti ìsàlẹ̀ omi, tó ń hó wẹ́wẹ́ gòkè, ibi tí bakitéríà kò rí eyín bọ̀ lára oògùn ni yóò ti já a. Carbamazepine tó ń ṣagídí kì í lè dúró dè é. Àmọ́ jíjá ni oògùn já, kò tíì pòórá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí omi náà gba inú yanrìn kọjá lẹ́yìn náà, kí bakitéríà tó ń gbé lára yanrìn jẹ èérún rẹ̀. Níbi tí bromide, irú iyọ̀ kan, bá sì ti pọ̀ nínú omi, ósóònù lè sọ ọ́ di bromate, tí wọ́n fura sí pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Irú ibẹ̀, èédú ló dára jù.

Èédú yìí kì í ṣe èédú ìdáná lásán. Wọ́n á fi oru gbígbóná dá ihò tíntìntín sí i lára, débi pé ojú ara gíráàmù kan ṣoṣo, tí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, lè ju pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ 50 ní 100 lọ. Ara ihò yẹn ni oògùn máa ń lẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ ìyẹ̀fun èédú ni, wọ́n gbọ́dọ̀ sẹ́ ẹ kúrò dáadáa, torí èyí tó bá yọ́ lọ sódò ti ru oògùn sára. Wọ́n á sun ún pọ̀ mọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdọ̀tí.

Nílé, omi sísè kì í lé oògùn jáde: bí omi bá fà, oògùn á dúró sínú ìkòkò. Álọ́ọ̀mù kò ràn án. Asẹ́ èédú tí wọ́n ń pààrọ̀ lásìkò máa ń mú púpọ̀ nínú rẹ̀.

Láti 2016, òfin Swítsàlandì ní kí àwọn ibùdó tó ṣe pàtàkì máa yọ ìpín 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn èròjà wọ̀nyí. Owó tí wọ́n ń bù lórí olùgbé kọ̀ọ̀kan láti fi kọ́ ohun èlò iṣẹ́ yìí kò ju fránkì 9 lọ lọ́dún. Ìṣọ̀kan Yúróòpù gba ọ̀nà mìíràn ní 2024: ó kéré tán, ìpín 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó yìí ni iléeṣẹ́ oògùn àti ìpara yóò máa san. Àwọn iléeṣẹ́ oògùn kan ti gbé e lọ sílé ẹjọ́.