Títẹ àṣẹ ìtọpinpin àléébù nínú pod tó ní sidecar

Nínú Kubernetes, ètò tó ń bójú tó kọ́ńténà (àpótí tí wọ́n di ètò kọ̀ǹpútà àti ohun tó nílò sí) lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, pod ni ẹyọ iṣẹ́ tó kéré jù lọ tí ètò náà ń gbé kalẹ̀. Pod lè ní kọ́ńténà kan ṣoṣo, ó sì lè ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ọ̀kan bá ń ṣe iṣẹ́ gangan tí wọ́n torí ẹ̀ gbé pod kalẹ̀, tí òmíràn sì wà níbẹ̀ láti máa ràn án lọ́wọ́, olùrànlọ́wọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní sidecar. Iṣẹ́ tí sidecar sábà máa ń ṣe ni kíkó lọ́ọ̀gì ránṣẹ́, mímú fáìlì ìṣètò wá bó ṣe ń yí padà, àti dídúró lẹ́nu ọ̀nà nẹ́tíwọ̀kì gẹ́gẹ́ bíi proxy, ìyẹn alárinà tí dátà ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nínú irú pod bẹ́ẹ̀, ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ kọ́ńténà tí àṣẹ rẹ̀ yóò ti ṣiṣẹ́, nítorí àṣẹ kan náà lè mú èsì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá.

Ìtàn ní ṣókí

Google ló gbé Kubernetes síta ní 2014, ẹ̀dà 1.0 jáde ní oṣù Keje ọdún 2015. Ní 2016, Brendan Burns àti David Oppenheimer ṣàlàyé sidecar nínú ìwé ìwádìí kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí a lè gbà to kọ́ńténà pọ̀. Istio, ètò tó ń darí ìbánisọ̀rọ̀ láàárín àwọn pod, tí Google, IBM àti Lyft jọ gbé jáde ní 2017, wà lára ohun tó sọ proxy Envoy di ohun tí èèyàn ń bá pàdé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ pod.

Ohun tí wọ́n jọ ń lò àti ohun tí kálukú dá ní

Gbogbo kọ́ńténà inú pod kan jọ ń lo àdírẹ́sì IP kan. Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí localhost, méjì nínú wọn kò sì lè gba pọ́ọ̀tù kan náà. Wọ́n dà bí ayálégbé tó ń gba géètì kan ṣoṣo jáde, tí kálukú sì ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tirẹ̀. Fáìlì tó wà nínú ọ̀kan kò hàn nínú ìkejì, àfi tí wọ́n bá so volume (ibi ìpamọ́ fáìlì) kan náà mọ́ àwọn méjèèjì. Bákan náà, ps (àṣẹ tó ń ṣe àtòjọ ètò tó ń ṣiṣẹ́) nínú sidecar kò ní fi ètò inú kọ́ńténà áàpù hàn, àyàfi tí shareProcessNamespace nínú ìṣètò pod bá jẹ́ true. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, pause (kọ́ńténà kékeré tí Kubernetes fi ń di pod mú) ló máa di PID 1 (ètò àkọ́kọ́), kì í ṣe áàpù mọ́.

kubectl exec

kubectl ni irinṣẹ́ tí a fi ń tẹ àṣẹ sí Kubernetes, exec sì ń ṣiṣẹ́ àṣẹ nínú kọ́ńténà. Àṣẹ tó wọ́pọ̀ jù nìyí (web-0 ni orúkọ pod, app ni orúkọ kọ́ńténà):

kubectl exec -it web-0 -c app -- sh

Ẹni tí kò bá kọ -c, kubectl á bá a yan kọ́ńténà. Ó máa ń kọ́kọ́ wo àmì kubectl.kubernetes.io/default-container lára pod. Bí kò bá sí, kọ́ńténà àkọ́kọ́ nínú ìṣètò ló máa mú, á sì kọ gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «Defaulted container» sójú ẹ̀rọ. Ó yẹ kéèyàn ka gbólóhùn yìí dáadáa, pàápàá níbi tí nǹkan mìíràn ti ń fi sidecar kún pod láìjẹ́ pé ẹni tó kọ áàpù mọ̀ sí i.

Ohun tó bá wà lẹ́yìn -- ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sínú kọ́ńténà. Ṣùgbọ́n shell (ètò tó ń ka àṣẹ) orí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló máa kọ́kọ́ kà á. Bí èèyàn bá tẹ -- echo $HOSTNAME, orúkọ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló máa rí. Tó bá fẹ́ orúkọ pod, -- sh -c 'echo $HOSTNAME' ló yẹ kó tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ | àti > rí.

Nẹ́tíwọ̀kì: ibi tí èsì ti ń yàtọ̀ jù

Nínú ìṣètò Istio tó wọ́pọ̀, kọ́ńténà istio-init ń kọ òfin iptables (òfin tó ń darí dátà nẹ́tíwọ̀kì) sínú pod kí áàpù tó bẹ̀rẹ̀. Òfin yìí ló ń darí dátà tó ń jáde lọ sí pọ́ọ̀tù 15001, tó sì ń darí èyí tó ń wọlé lọ sí 15006, níbi tí Envoy ti ń dúró dè wọ́n. Kí dátà tí Envoy fúnra rẹ̀ ń rán jáde má baà padà sọ́dọ̀ rẹ̀, òfin náà yọ aṣàmúlò tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1337 sílẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni istio-proxy, kọ́ńténà tí Envoy wà nínú rẹ̀, ń lò.

Ìdí nìyí tí curl (àṣẹ tó ń fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí sáfà) láti inú kọ́ńténà áàpù fi ń gba inú Envoy kọjá, tí òfin ọ̀nà àti ìwé ẹ̀rí mTLS (ìsopọ̀ oníkóòdù tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi ń fi ẹ̀rí ara wọn hàn) sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, nígbà tí curl kan náà láti inú istio-proxy ń jáde tààrà láìfara kan Envoy. Sáfà tó ń béèrè mTLS dandan yóò kọ ti istio-proxy, yóò sì gba ti áàpù. Ẹni tó bá fi èsì istio-proxy nìkan ṣe ìdájọ́ lè sọ pé sáfà ọ̀hún ti kú, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Istio-proxy wúlò gan-an fún bíbéèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Envoy fúnra rẹ̀:

kubectl exec web-0 -c istio-proxy -- pilot-agent request GET clusters

Àṣẹ yìí ń ka ojú ìṣàkóso Envoy tó wà ní pọ́ọ̀tù 15000, tí kì í ṣí sí ìta pod. Tí wọ́n bá ti tan lọ́ọ̀gì ìbéèrè, àmì kúkúrú tó tẹ̀ lé nọ́ńbà àṣìṣe bíi 503 máa ń tọ́ka sí orísun ìṣòro: UH túmọ̀ sí pé kò sí sáfà kankan tí ara rẹ̀ dá, UF sì túmọ̀ sí pé ìsopọ̀ pẹ̀lú sáfà ló kùnà. NR sábà máa ń bá 404 jáde nígbà tí kò bá sí ọ̀nà kankan tó bá ìbéèrè mu.

Ní ti tcpdump, irinṣẹ́ tó ń wo dátà tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ̀kì, ohun tí a bá rí dúró lórí ibi tí a bá fetí sí. Lórí eth0, ojú nẹ́tíwọ̀kì tó kọjú síta, mTLS ti bo dátà náà. Lórí lo (ojú nẹ́tíwọ̀kì localhost), láàárín Envoy àti áàpù, ó ṣeé kà bí áàpù kò bá fi TLS tirẹ̀ bò ó.

Kọ́ńténà onígbà díẹ̀

Ọ̀pọ̀ image (ohun tí wọ́n fi ń dá kọ́ńténà) òde òní, irú bíi distroless, kò ní shell rárá, exec kò sì lè ṣí ohun tí kò sí. Ìdáhùn Kubernetes sí èyí ni kọ́ńténà onígbà díẹ̀, tó di ohun tó dúró ṣinṣin ní ẹ̀dà 1.25 ní 2022:

kubectl debug -it web-0 --image=busybox --target=app

--target ló ń jẹ́ kí kọ́ńténà tuntun rí àwọn ètò inú app. Fáìlì app sì wà ní /proc/1/root, bí ẹ̀tọ́ tó ní bá gbà á láyè. Nẹ́tíwọ̀kì pod náà ló ń lò, nítorí náà òfin iptables òkè yìí mú un bó ṣe mú áàpù. Fún tcpdump, --profile=netadmin ń fún un ní agbára tó nílò. Bí pod bá ní runAsNonRoot, image tó ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi root kò ní bẹ̀rẹ̀. A kò lè yọ kọ́ńténà onígbà díẹ̀ kúrò lára pod lẹ́yìn tí a bá ti fi kún un. Ó di ìgbà tí pod fúnra rẹ̀ bá lọ.

--copy-to ń ṣe ẹ̀dà pod dípò kó fọwọ́ kan èyí tó ń ṣiṣẹ́. Kì í kó lébẹ́ẹ̀lì pod lọ sára ẹ̀dà náà, nítorí náà Service, tó ń fi lébẹ́ẹ̀lì mọ pod tí yóò darí ìbéèrè sí, kì í darí ìbéèrè oníbàárà síbẹ̀. Àléébù tó jẹ́ pé ìgbà tí èrò bá pọ̀ ló ń yọjú lè má hàn níbẹ̀.

Sidecar nínú initContainers

Láti ẹ̀dà 1.28 ní 2023, a lè kọ sidecar sábẹ́ initContainers (àtòjọ kọ́ńténà tó ń bẹ̀rẹ̀ ṣáájú áàpù) pẹ̀lú restartPolicy: Always, ó dúró ṣinṣin ní 1.33 ní 2025. exec àti logs ṣì ń gba orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú -c, ṣùgbọ́n kò ní sí nínú àtòjọ .spec.containers mọ́.

Àṣẹ ìwọlé

Nínú RBAC, ètò tó ń pín ẹ̀tọ́ nínú Kubernetes, exec ń béèrè ẹ̀tọ́ lórí pods/exec, debug sì ń béèrè ti pods/ephemeralcontainers. Ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ exec lórí pod kan lè wọ gbogbo kọ́ńténà tó wà nínú rẹ̀. RBAC kò lè fi mọ sí ọ̀kan. Lọ́ọ̀gì ìṣàyẹ̀wò máa ń kọ àṣẹ tí wọ́n fi ṣí exec sílẹ̀, kì í kọ ohun tí ẹni náà tẹ̀ lẹ́yìn tí shell ti ṣí.