Ìpàṣípààrọ̀ jíìnì lórí kírómósómù àwọn ẹranko afọmúbọ́mọ

Nígbà tí ara bá ń ṣe àtọ̀ tàbí ẹyin, kírómósómù (okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé jíìnì, ìyẹn ohun àjogúnbá, dání) tó wá láti ọ̀dọ̀ bàbá àti èkejì rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá máa ń fara kanra, wọ́n á já, wọ́n á sì gba abala ara wọn. Èyí ni ìpàṣípààrọ̀ jíìnì. Òun ló fa díẹ̀ nínú ìdí tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò kì í fi í jọra tán.

Ìpàṣípààrọ̀ kì í wáyé déédéé láti orí kírómósómù dé ìdí rẹ̀. Ní ibi tí kírómósómù ti fún bí ìbàdí, ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Nínú àtọ̀ ọkùnrin, ẹ̀bá orí àti ìdí ló pọ̀ sí jù. Ti ẹyin obìnrin tàn káàkiri ju bẹ́ẹ̀ lọ, iye rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìlọ́po 1.6 ti ọkùnrin. Kírómósómù kúkúrú ń ṣe é ju ti gígùn lọ bí a bá fi gígùn wọn wé, nítorí pé ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí a bá wò ó fínnífínní, inú àwọn ojúkò kéékèèké ni púpọ̀ rẹ̀ ń kó sí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sábà ju nǹkan bíi lẹ́tà 2,000 lọ nínú DNA, èròjà tí a fi kọ jíìnì. Púrótéènì PRDM9 ló ń yan ojúkò wọ̀nyí nínú ènìyàn, eku àti màlúù. Ọdún 2010 ni iṣẹ́ rẹ̀ yìí hàn sójútáyé. Ti ajá yàtọ̀. PRDM9 tirẹ̀ ti bàjẹ́ látayébáyé, ìbẹ̀rẹ̀ jíìnì ni ìpàṣípààrọ̀ sì ń fì sí. Ajá tó ń ṣọ́ ìsọ̀ ẹja ní Àgbádárìgì kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú èyí.

Àgbádárìgì wà lára àwọn èbúté tí wọ́n ti kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí òkè òkun, ohun tó sì dé bá irú àwọn bẹ́ẹ̀ ti wúlò fún ìmọ̀ yìí. Ní 2011, àwọn onímọ̀ yẹ DNA nǹkan bí 30,000 ọmọ Amẹ́ríkà tó ní ìran Áfíríkà wò. Lórí kírómósómù wọn, abala ìran Áfíríkà àti abala ìran Yúróòpù so mọ́ra. Ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀ jẹ́ àpá ìpàṣípààrọ̀ àtijọ́. Wọ́n rí ojúkò tó lé ní 2,000 tó ń ṣiṣẹ́ lára àwọn tó ní ìran Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́ lára àwọn ará Yúróòpù. Ẹ̀yà PRDM9 kan tó wọ́pọ̀ ní Áfíríkà ló fà á.